Ìwé Tí Ọkọ Mi Bá Mi Kọ

Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkìrun ni èmi àti ọkọ mi ti pàdé. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, òun ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tiwa ní Inísà ló ti búra pé èmi nìkan ṣoṣo. Mo gbà á gbọ́ nítorí pé ó nífẹ̀ẹ́ mi bíi wèrè.

Ní ọdún kẹsàn-án ìgbéyàwó wa, àwọn afọbajẹ ìlú wọn, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Òkukù, ní òun ni oyè kàn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi sé e mọ́ ìpèbí, n kò fojú kàn án. Ọjọ́ tó máa jáde, mo bá obìnrin méjì nínú yàrá tí wọ́n fún mi láàfin, opó ọba tó wàjà.

Èyí ẹ̀gbọ́n ní, “Ìyàwó, káàbọ̀. Ọkọ wa ò ní í pẹ́ dé.”

Ọkọ wa. Ẹ̀ṣẹ̀ kìíní nìyẹn: ó ti gbà láti ṣú wọn lópó, kò sì rán ẹnikẹ́ni sí mi. Ìkejì, ó ní tí òun bá kọ̀ ni, adé ì bá lọ sí ìdílé mìíràn, bí ẹni pé èmi ni mo ní kó jọba.

Síbẹ̀ ìfẹ́ náà kò tán. Láàárọ̀, kí àwọn ìjòyè tó dé, á yọ́ wá jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ mi, kódà lọ́jọ́ tí oúnjẹ kò kàn mí.

Ọjọ́ Ajé kan, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Òkukù, mo padà síbi iṣẹ́ mi. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yọ ìwé kan sí mi pé mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ó ní, “Olorì, ẹ má bínú, mo rò pé ẹ mọ̀ sí i ni.” Ọwọ́ ìkọ̀wé ọkọ mi ni. Ó tún bá mi fọwọ́ sí i.

Nígbà tí mo délé, n kò kúnlẹ̀. Mo bi í. Ó ní akọ̀wé ààfin ni àwọn ìjòyè fẹ́ kó kọ ọ́, òun ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ì bá bà á jẹ́. Mo fẹ́ kó dára.”

“Kọ òmíràn. Kọ ọ́ pé mo ń padà bọ̀.”

Ó ní ọba kì í sọ̀rọ̀ kó tún kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Látìgbà tó ti gorí ìtẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ pàápàá. Mo rọra pè é. Ó dáhùn, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnìkan gbọ́. Ó tún agbádá ṣe, ó jáde.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹ̀ṣọ́ kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní Kábíyèsí ní kí òun máa lé àwọn èèyàn jìnnà, kí wọ́n má baà gbọ́ ohun tí èmi àti Kábíyèsí bá ń sọ. Mo ní kó yà lọ́nà, mo fẹ́ jáde. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi dáadáa, kò sì yà.