Omi Tí Káfíńtà Ń Mu

Ṣíọ̀! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pòṣé tán, nítorí bí mo bá ti rántí ọ̀rọ̀ yìí, inú ló máa ń rìn mí.

Ẹ̀gbọ́n mi kejì ni mò ń sọ, káfíńtà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Olómi. Láti kékeré ló ti ń fági. Ilẹ̀kùn ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Èyí tó bá ṣe, ìka kan lẹ máa fi tì í. Ariwo ẹ̀rọ ìlagi ti ba etí ẹ̀ jẹ́, ó wá di ẹni tó ń fi ẹ̀rọ sétí kó tó gbọ́rọ̀, tó ń fi awò sójú kó tó rí ojú ìwọ̀n. Níbi tí wọ́n bá ti ń pín ọtí ló ti rí orúkọ yẹn. Á na ọwọ́, á ní, omi ni tòun. Àwọn èèyàn á máa yìn ín pé ẹ wo ọkùnrin gidi.

Omi wo? Ọtí líle funfun ló wà nínú ike omi ẹ̀, àtàárọ̀ dalẹ́, lábẹ́ tábìlì tó fi ń fági. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nílé wa, kò sì sẹ́ni tó ń pè é lọ́tí. "Ẹ bá a gbé omi ẹ̀ wá" ni wọ́n ń wí, ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ. Èmi nìkan ni mò ń pè é lọ́tí, ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ mí di ẹlẹ́nu mímú.

Nígbà tó di pé kò lè gbé pákó kan kó má mí hẹlẹhẹlẹ, dókítà ní ọ̀kan lára àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn ẹ̀ ò padé mọ́, pé àwọn máa la àyà ẹ̀ tún un ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun tóun ń ṣe ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé, tòun ló wá ń ṣí sílẹ̀.

Kí wọ́n tó ṣe é, nọ́ọ̀sì jókòó tì í, ó bi í bóyá ó máa ń mutí. Èmi ò sí níbẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ló rò ó fún mi lẹ́yìn náà. Wọ́n ní à ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Kí aláìsàn tó la ẹnu, Tísà, ẹ̀gbọ́n wa àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ti dáhùn pé nínú ìdílé tàwọn kẹ̀, omi nìkan ló ń mu. Ẹ má bá mi wí pé mò ń sọ "ó" fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì. Ẹni tó bá ṣe bí àgbà là ń sọ "wọ́n" fún. Ìyàwó aláìsàn mi orí, aláìsàn fúnra ẹ̀ náà mi orí, nọ́ọ̀sì sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ó jí, ó mọ gbogbo wa. Àmọ́ nígbà tó yá, ọwọ́ ẹ̀ ò dúró jẹ́ẹ́ mọ́. Ó ń fági lórí aṣọ ibùsùn, ó ń gbọn ẹ̀rún igi tí kò sí níbẹ̀ dànù. Òógùn bò ó. Ó ní kòkòrò ń rìn lára ògiri. Ó fẹ́ fa ọ̀pá rọ́bà tí wọ́n fi sí i láyà yọ, ni wọ́n bá fi aṣọ so ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ibùsùn. Ó ń pariwo pé kí wọ́n fún òun lómi. Nọ́ọ̀sì bu omi fún un, ẹ̀gbọ́n mi tu ú sí i lára, ó ní omi lòun ń wí, èyí kọ́. Nọ́ọ̀sì yíjú sí wa, ó ní ẹ ò rí i pé kò mọ omi mọ́.

Ìyàwó ẹ̀ wolẹ̀. Tísà ń tún ọrùn ẹ̀wù ẹ̀ ṣe. Àwọn méjèèjì mọ omi tó ń bèèrè! Tísà wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní wèrè ló dé sí àbúrò òun, pé ká wá ilé àwọn alárùn ọpọlọ kan ní ìlú míì, níbi tí wọn ò ti mọ̀ wá. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n pe ọmọ ìyá ẹ̀ ní wèrè ju kí wọ́n pè é ní ọ̀mùtí lọ. Ó kù díẹ̀ kí n bì sórí bàtà ẹ̀ tó ń dán.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kó kú ni?"

Ó ní, "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

Ikú ta ni? Ṣé òun ló fẹ́ kú? Mo já ọwọ́ mi gbà, mo lọ bá dókítà.

"Dókítà, ọtí ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè ní omi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń mu ún, àtàárọ̀ dalẹ́ ni."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní torí ẹ̀ làwọn ṣe bèèrè. Ó ní bí ọtí bá ti mọ́ èèyàn lára, tó wá dédé já lẹ́nu ẹ̀, ọpọlọ lè dà rú. Ká má tíì sọ ti ẹni tó ti dàgbà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la àyà ẹ̀, tí kò rí oorun sùn. Ó ní ká ní àwọn mọ̀ ni, àwọn ì bá ti gbára dì. Ó ní kì í ṣe wèrè, ó ṣeé tọ́jú, àmọ́ ó lè pààyàn. Ó wá bèèrè ẹ̀rọ etí ẹ̀ àti awò ojú ẹ̀, pé ẹni tí kò gbọ́ràn tí kò ríran, ara ẹ̀ ò lè tètè balẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti kó wọn lọ sílé kí wọ́n má baà sọnù. Ẹ gbọ́ o!

Wọ́n yí ìtọ́jú ẹ̀ padà. Èmi ni mo lọ kó awò àti ẹ̀rọ etí náà wá. Díẹ̀díẹ̀, ó sùn, ọwọ́ ẹ̀ dúró, wọ́n tú u.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wọlé, mo bá a lórí ìjókòó, awò lójú. Tísà ti rojọ́ mi fún un tán. Ó wò mí látorí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ àbíkẹ́yìn ìyá mi, ìwọ lo tú àṣírí mi fún àjèjì. Má tẹ ilé mi mọ́."

Ó mọ̀ mí. Ó mọ ohun tí mo ṣe, ó mọ ẹni tí mo ṣe é fún. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Orí ẹ̀ ti pé pérépéré. Mo gbé báàgì mi, mo jáde, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sunkún ayọ̀, inú sì ń rìn mí síbẹ̀.