Fáìlì Tí Mo Bá Bàbá Gbé

Nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ ìjọba ní Abẹ́òkúta, èmi ni ọjọ́ orí mi kéré jù nínú yàrá wa, síbẹ̀ èmi ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá fún ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún iṣẹ́ náà nígbà yẹn, mo sì ń dúpẹ́ di òní. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun kan tí wọn kò kọ́ mi nílé, tí wọn kò sì kọ́ mi ní ilé kéwú: bí èèyàn ṣe ń rán àgbà níṣẹ́.

Yàrá fáìlì ni wọ́n ń pe ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ìwé tó bá jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń wá sùn. Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iná ló ń pinnu ọjọ́ tó máa ṣiṣẹ́, nítorí náà ìwé ńlá kan tó ní èèpo pupa la fi ń mọ ibi tí fáìlì wà. Bí ọ̀gá kan bá béèrè fáìlì, màá kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ọjọ́ tó jáde, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ, àti orúkọ ẹni tó gbé e. Mẹ́sẹ́ńjà á gbé fáìlì àti ìwé náà lọ pọ̀, ẹni tó bá gbà á á sì fọwọ́ sí i. Akọ̀wé ni mí, èmi ni mo ni bírò. Bàbá, ẹni tó dàgbà jù yẹn, ni mẹ́sẹ́ńjà, àwọn ni wọ́n ni ẹsẹ̀.

Bàbá yìí ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ku oṣù mẹ́ta kí wọ́n fẹ̀yìn tì nígbà tí mo dé. Ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n, láti abúlé kan lẹ́yìn odi ìlú. Ọ̀gá wa obìnrin ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ń lọ mọ́ṣáláṣí, bàbá ní tiwọn ń bọ ohun tí àwọn baba wọn ń bọ, a ò sì jà rí lórí rẹ̀. Orúnkún òsì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn dé ìdajì, wọ́n á dúró, wọ́n á ṣe bí ẹni tó ń wo àgbàlá láti ojú fèrèsé.

Ìjẹmọ̀ ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé tí aṣọ títà kì í sinmi. Ìyá mi kì í gbà kí n pe àgbàlagbà wá sọ́dọ̀ mi. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, èmi ni màá dìde. Àáfà tó kọ́ mi ní kéwú máa ń sọ pé ọmọ tó bá jókòó, tó ń rán baba ẹni níṣẹ́, kó lọ múra de ọjọ́ ogbó tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Bí mo ṣe débi iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n ní mẹ́sẹ́ńjà mi nìyẹn, ńṣe ni mo kúnlẹ̀.

"Dìde, màdáámù," ni bàbá wí.

"Ẹ má pè mí ní màdáámù, sà. Ọmọ yín ni mí."

"Ọmọ mi kẹ̀? Èwo nínú àwọn ọmọ mi ló ń wo aago bí mo bá pẹ́ dé?"

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti pinnu lọ́kàn mi pé n kò ní rán bàbá yìí níṣẹ́ láéláé.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fáìlì fúnra mi. Bí mo bá rí i pé bàbá ti na ọwọ́ sí orúnkún, màá ti gbé e. "Ẹ jókòó, sà. Mò ń gba òkè lọ." Irọ́ ni nígbà mìíràn, n kò ní nǹkan kan tí mò ń ṣe lókè. N kì í gbé ìwé pupa lọ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ó wúwo, ojú sì máa ń tì mí kí àwọn tó wà lókè máa rí akọ̀wé tó ń ṣe mẹ́sẹ́ńjà. Ohun tó burú jù nìyí: níbi tí a ti ń kọ orúkọ ẹni tó gbé fáìlì, orúkọ bàbá ni mò ń kọ. Mo rò pé bí n kò bá kọ ọ́, ẹnì kan á ṣí ìwé náà lọ́jọ́ kan, á ní bàbá kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àánú ni mo pe ohun tí mò ń ṣe. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ẹ̀rí èké ni.

Bàbá ń jókòó lórí àga wọn, ọwọ́ méjèèjì láàárín itan. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Màdáámù, ṣé wọ́n ti fẹ́ kí n máa lọ ni, tí wọn ò fẹ́ sọ fún mi?"

Mo ní, "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, sà. Ẹ sinmi ni."

Wọ́n ní, "Àgbàdo tó ń sinmi nínú aká, kòkòrò ló ń jẹ ẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé fáìlì mìíràn.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí àwọn àgbààgbà mẹ́ta wá láti abúlé kan nítòsí Ìtòrí. Wọ́n ti yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan, torí àwọn aboyún wọn ń gun ọ̀kadà lọ bímọ. Wọ́n wá béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé. A wá fáìlì wọn, a ò rí i. Mo ṣí ìwé pupa. Ó wà níbẹ̀ pé fáìlì náà ti lọ sọ́dọ̀ igbákejì ọ̀gá lókè lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá ló gbé e. Igbákejì ní òun kò rí fáìlì kankan, òótọ́ sì ni, kò sí ìfọwọ́sí rẹ̀ níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ló kọ orúkọ bàbá. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mò ń gbé gbogbo fáìlì. Àwọn ọjọ́ kan wà tí bàbá gbé tiwọn kí n tó rí wọn. Mo ro ọjọ́ náà títí, n kò rántí. Mo wá sọ fún ara mi pé bóyá bàbá ló gbé e lóòótọ́, mo sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni mo ṣì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́run lé lórí jù.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fún bàbá ní kúẹ́rì: kí wọ́n ṣàlàyé lórí ìwé, láàárín ọjọ́ méjì, bí fáìlì ìjọba ṣe sọnù lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìjọba mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó ku oṣù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Fún ọdún tó lé lọ́gbọ̀n, kúẹ́rì kan kò kan bàbá rí. Bí wọn kò bá rí ìdáhùn gidi, ìwé ìfẹ̀yìntì wọn lè dúró sórí tábìlì ẹnì kan títí, wọ́n á sì jáde pẹ̀lú orúkọ olè tàbí orúkọ aláìbìkítà. Bàbá ka ìwé náà, wọ́n ká a, wọ́n fi í sínú fìlà wọn, wọ́n dé fìlà padà. Wọn kò wo ojú mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé ti kúẹ́rì, mo lọ kírun ní yàrá kékeré tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí àwa Mùsùlùmí ọ́fíìsì ti ń kírun. Mo forí kanlẹ̀ ní ráká kejì, fáìlì náà sì dé iwájú mi bí ẹni pé wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Lọ́jọ́ tí mo gbé e, mo bá ìlẹ̀kùn igbákejì ní títì. Àkókò ìrun ti tó. Mo gbé fáìlì náà wọ yàrá yìí, n kò fẹ́ kó fara kan ilẹ̀, mo fi í sáàárín àwọn Kùránì àtijọ́ lórí pẹpẹ. Bí mo ṣe ń jáde, ọ̀gá wa pè mí lórí fóònù pé kí n tètè wá, mo sì sáré lọ.

Àáfà wa máa ń sọ pé Èṣù ló máa ń rán èèyàn létí nǹkan tó sọnù lórí ìrun, kó lè da ọkàn rẹ̀ rú. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, lọ́jọ́ yẹn n kò bá Èṣù jiyàn. Mo kí ìrun tán bákan ṣá, mo na ọwọ́ sí pẹpẹ. Ó wà níbẹ̀, èèpo rẹ̀ aláwọ̀ igi kò yàtọ̀ sí ti àwọn ìwé tó yí i ká.

Kí n má purọ́, ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n lọ rọra gbé e sórí tábìlì igbákejì, kí wọ́n kàn rí i. Ọdún méjì ni ìjọba fi ń wo òṣìṣẹ́ tuntun kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, èmi kò sì tíì lo oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kúẹ́rì ti jáde. Bí fáìlì bá fara hàn láìsí àlàyé, orúkọ bàbá ni yóò ṣì wà lórí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi sọnù.

Mo bá bàbá lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí.

"Ẹ mọ̀, sà?"

"Orúkọ mi wà nínú ìwé, ẹsẹ̀ mi ò sì gun òkè lọ́jọ́ náà. Ta ló kù?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n wá lọ wí pé kí ni? Pé ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀ ló kó mi sí i? Ẹnu mi ò gbé e." Wọ́n fọwọ́ ra orúnkún wọn. "Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ yìí, o ṣẹ̀ mí. Kì í ṣe ti fáìlì. Ó ku oṣù díẹ̀ péré kí n dágbére fún iṣẹ́ mi, o gbà á lọ́wọ́ mi, o gbé mi jókòó bí òkú tí wọ́n ń dúró de àwọn àna rẹ̀. Ta ló ní ẹsẹ̀ ń dùn mí?"

"Mo rí i, sà."

"Ṣé mo sọ fún ẹ?"

Wọ́n ní kí n dìde, kí yẹ̀pẹ̀ má baà ba aṣọ mi jẹ́.

Mo kan ìlẹ̀kùn ọ̀gá wa, mo dúró títí wọ́n fi dáhùn. Mo gbé fáìlì náà síwájú wọn, mo sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣí ìwé pupa.

"Ta ló kọ orúkọ bàbá síbí?"

"Èmi ni, mà."

"Nítorí kí ni?"

"Kí wọ́n má baà sọ pé bàbá ò ṣiṣẹ́, mà. N kò lè rán wọn níṣẹ́."

Wọ́n bọ́ gíláàsì wọn. "Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé bíi tìẹ, bàbá yẹn ló gbé fáìlì tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé lórí wá bá mi. Mo sì ń rán wọn níṣẹ́ di òní. Ṣé o ti gbọ́ mi rí kí n jókòó síbí, kí n pariwo orúkọ wọn?"

Mo rò ó. Lóòótọ́, ọ̀gá a máa dìde, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá dé ẹnu ọ̀nà yàrá wa, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ dákun, iṣẹ́ yín ti dé." Mo ti ń rí i lójoojúmọ́, n kò wò ó.

"Rárá, mà."

"Mo fa kúẹ́rì bàbá padà," ni ọ̀gá wí, wọ́n sì kọ ọ́ sórí ẹ̀dà kúẹ́rì náà lójú mi, wọ́n fọwọ́ sí i. "Tìẹ ń bọ̀ lọ́la. Gbé fáìlì àwọn ará Ìtòrí yìí sílẹ̀, èmi fúnra mi máa bójú tó o. Máa lọ."

Lọ́jọ́ kejì, kúẹ́rì mi dé lóòótọ́. Bàbá ló sì gbé e wá, torí mẹ́sẹ́ńjà ni wọ́n. Wọ́n na ìwé pupa sí mi.

"Fọwọ́ sí i, màdáámù. Èyí ò gbọdọ̀ sọnù o."

Àwọn tó wà nínú yàrá kò mọ bóyá kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá fa àga wọn sún mọ́ tèmi. Wọ́n ti gbé kúẹ́rì fún èèyàn púpọ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá, wọ́n mọ èyí tó ń gba èèyàn là àti èyí tó ń rì í. Bí mo ṣe ń kọ ìdáhùn, mò ń kà á sí wọn létí.

"Ẹ̀bẹ̀ mélòó nìyẹn? Mẹ́ta? Pa méjì rẹ́. Sọ ohun tí o ṣe, bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí o dákẹ́. Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ jù, wọ́n á rò pé ó ṣì ku nǹkan tó fi pa mọ́."

Mo pa méjì rẹ́. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n padà fi kún àkókò tí wọ́n fi wò mí. Alihamudulilahi, wọn kò lé mi.

Nígbà tí mo kọ ìdáhùn náà tán, mo ká a, mo sì dìde láti gbé e lọ. Bàbá kàn ń wò mí. Mo yí padà, mo rìn dé iwájú àga wọn, mo tẹ orúnkún mi.

"Ẹ dákun, sà, ẹ bá mi gbé ìwé yìí lọ fún ọ̀gá."

"Kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án."

Mo kọ orúkọ wọn síbi tó yẹ, òótọ́ sì ni lọ́jọ́ náà. Wọ́n tún fìlà wọn dé, wọ́n gba ìwé náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n jáde. Mo gbọ́ ìró bàtà wọn lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìdajì, ó dákẹ́. Mo di etí tábìlì mú, n kò dìde. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé pupa síwájú mi, ìfọwọ́sí ọ̀gá wà níbi tó yẹ kó wà.

"Òmíràn ńkọ́?" ni wọ́n wí.