Ìbẹ́pẹ fún Odídẹrẹ́ Màmá Tíṣà

Òórùn ìbẹ́pẹ tó pọ́n ló gbé mi padà sí Lálúpọn, ìlú tí mo ti dàgbà. Mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Adégbayì n'Ìbàdàn láàárọ̀, mo ń gé ìbẹ́pẹ sí wẹ́wẹ́ bí ẹni tó fẹ́ bọ́ ọmọ tí kò tíì hu eyín, àwọn ẹyẹ méjì kan sì dúró nínú àgò wọn, wọ́n ń wò mí bí ẹni pé májèlé ni mò ń gé.

Tìwá, ọmọ ọmọ mi tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, ló ni wọ́n. Kọkatíẹ̀lì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹnu wọn jọ ti odídẹrẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò tóbi ju àdàbà lọ. Wọ́n ní ìyẹ́ ṣónṣó lórí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn sì pọ́n rusurusu bíi ti ìyàwó tó kun osùn. Ọmọ náà ti ka òfin wọn fún mi kó tó lọ wẹ̀.

"Màmá àgbà, ẹ fọ tẹ̀tẹ̀ dáadáa o. Kárọ́ọ̀tì, wẹ́wẹ́ ni kí ẹ gé e. Ẹ yọ kóró inú ápù kúrò. Oúnjẹ tuntun kan ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lọ̀ wọ́n, díẹ̀ báyìí, tí wọn ò bá jẹ ẹ́, ẹ tún gbé e wá lọ́la. Ẹ má fi iyọ̀ sí nǹkan kan, ẹ má fún wọn ní àlùbọ́sà. Píà ńkọ́? Ẹ má dán an wò o, Màmá. Píà máa ń pa ẹyẹ!"

Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi dúró lórí ìbẹ́pẹ. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ píà àti ẹyẹ ti ń rú mi lójú, kì í sì í ṣe òun nìkan ló rú mi lójú lọ́dún kan nígbà èwe mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá Lálúpọn àtijọ́ pàdé, ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ fún yín. Èéfín gàrí ló máa ń jí wa, ọkọ̀ ojú irin ló sì ń sọ fún wa pé ọ̀sán ti pọ́n, nítorí aago kò sí nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn agbo ilé wa ni ilé Tíṣà wà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, ọkùnrin gíga tó máa ń lọ aṣọ rẹ̀ títí yóò fi le bíi páálí. Ìyàwó wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Tíṣà, ní odídẹrẹ́ kan tó ń jẹ́ Àjàní. Mojísọ́lá, àbígbẹ̀yìn wọn, ni ọ̀rẹ́ mi. A jọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́, a jọ ń pọnmi, a sì jọ ń jẹ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnì kan nínú wa bá dá.

Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan ni àìsàn dá Màmá Tíṣà wó, wọ́n sì gbé wọn lọ sí ọsibítù n'Ìbàdàn. Bí wọ́n ṣe lọ báyìí ni Àjàní kọ oúnjẹ. Ẹyìn àti ẹ̀pà tó máa ń jẹ, ńṣe ló ń fẹnu kó wọn dànù. Ó ki orí bọ abẹ́ ìyẹ́, kò fọhùn mọ́.

Ẹ̀rù ba Mojí. Ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé ìdáná wọn.

"Tí Àjàní bá kú, màmá mi ò ní padà wá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Mo ṣáà mọ̀ ni."

Èmi náà gbà á gbọ́. Ọmọdé kì í béèrè ibi tí ẹ̀rù ti wá.

A bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá oúnjẹ tí Àjàní yóò jẹ. A fún un ní gúáfà, ó ṣá a lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, ó jù ú sílẹ̀. Mo já tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìnkùlé ìyá mi, ó fi nu ẹnu. A fún un ní ata wẹ́wẹ́ láti fi ṣẹ̀fẹ̀, ló bá gbé e mì bí ẹni tó ń jẹ ṣúgà, àwa tá a fi ọwọ́ ata ra ojú la ń sunkún. Inú wa dùn pé ata ló ń fẹ́, a wá odidi abọ́ ata kan wá, kò tún wo ibẹ̀ mọ́.

Mojí wá rí píà kan tó rọ̀ dáadáa. Ó ti bó o, ó fẹ́ nà án sínú àgò, nígbà tí bàbá rẹ̀ jáde. Tíṣà kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ látìgbà tí ìyàwó wọn ti lọ. Wọ́n gba píà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá yín kì í fún un ní píà."

"Kí ló dé, sà?"

"Mi ò mọ̀. Wọn kì í ṣáà fún un."

Tíṣà, tó mọ ìdáhùn gbogbo ìṣirò, ni kò mọ eléyìí! Mo wo ojú wọn, mo rí i pé wọ́n fẹ́ sunkún nítorí píà lásán. Kò yé mi rárá.

Ebi ló yanjú ọ̀rọ̀ ẹyẹ náà. Lọ́jọ́ kan, ìbẹ́pẹ tí a gé fún Àjàní wà nílẹ̀, Mojí kò lè fara dà á mọ́, ó jókòó ti àgò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Àjàní yọrí. Ó rìn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó, ó na ẹsẹ̀ kan jáde bí ẹni tó ń tọrọ. Mojí fún un. Ó jẹ. Ó tún na ẹsẹ̀. Nígbà tó jẹ tán ló la ẹnu, ohùn Màmá Tíṣà gan-an ló sì jáde: "Mojísọ́lá, o ti jẹun?"

Àwa méjèèjì ló yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Mojí ti kúnlẹ̀. "Ẹ̀n, mà. Mo ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́."

Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn àgbà ìjọ rọ́ wá sílé Tíṣà. Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ fún ìyá mi pé, "Màmá Tíṣà ti lọ sinmi." Mo sáré lọ sọ fún Mojí. Ó fò sókè, ó ní, "Ṣé o rí i? Àjàní jẹun, màmá mi ti ń sinmi!" A jọ ń jó yí àgò po. Wọ́n gbé ìkòkò ńlá jáde láti ilé ìdáná, àwọn obìnrin ń rọ́ wá, a sì rò pé àsè ìpadàbọ̀ ni. Ẹkún wọn ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Ìyá mi, tó wọ aṣọ funfun ìjọ Séráfù rẹ̀, fa Mojí mọ́ra.

Nírọ̀lẹ́ ni Mojí tó bi mí, "Ṣebí Àjàní jẹun?"

Mo ní, "Ó jẹun."

"Kí ló wá dé?"

Mi ò mọ̀.

Wọ́n gbé Tíṣà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lẹ́yìn náà. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n wọ̀, Mojí gbé àgò sórí itan. Nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, Àjàní ń bi í lójú fèrèsé pé ṣé ó ti jẹun, àwọn èrò ọkọ̀ sì ń rẹ́rìn-ín. Mojí kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ó ń dá ẹyẹ náà lóhùn. Mi ò tún fojú kàn án mọ́ títí dòní.

Nǹkan ti yí padà. Odídẹrẹ́ kì í fò kọjá lókè Lálúpọn mọ́, oko kòkó bàbá mi ti di ilé ńlá olódi. Fóònù ló ń sọ fún ọmọdé báyìí pé píà ń pa ẹyẹ, ó sì ń sọ ìdí rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé mo gbọ́ ọ. Àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá ìmọ̀ yẹn ì bá ti ṣe Tíṣà lóore kankan lọ́jọ́ náà.

Tìwá jáde láti ilé ìwẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀, ó lọ taara síbi àgò.

"Màmá àgbà, tí mo bá ń fún wọn ní oúnjẹ tó dáa nìkan, wọn ò ní kú, àbí?"

Mo ti sin òbí, mo ti sin ọkọ, mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀, mo fa ọmọ náà mọ́ra, mo sì fi ìró mi nu omi tó wà lórí rẹ̀.