Ìyọkúrò Mẹ́ta-Mẹ́ta

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni ọkọ mi fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, èmi náà sì ń kọ́ni ní kíláàsì tó fara kan tiẹ̀. Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é, títí kan èmi aya rẹ̀. Ẹni tó bá ṣi ìṣirò níwájú Tíṣà, ì báà jẹ́ dókítà, yóò gba ẹ̀kọ́ kó tó kúrò níbẹ̀. Mo máa ń fi í ṣẹlẹ́yà pé lọ́jọ́ tí ikú bá dé, yóò ní kí ikú tún ọjọ́ orí òun kà.

Àìsàn Pákínsìnì ló kì í mọ́lẹ̀. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n, a ní ọjọ́ ogbó ni. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ náà ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Bó bá ń rìn láìsọ̀rọ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi í ní ìbéèrè kan lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kàn án níṣòó. Àwa tí a ti ń rojọ́ bọ̀ láti iléèwé dé ilé fún ọgbọ̀n ọdún, a wá di odi méjì.

Obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn nílé ìwòsàn ṣàlàyé pé ìrìn tí ẹsẹ̀ ń dá rìn tẹ́lẹ̀, Tíṣà ní láti máa rò ó báyìí. Ọ̀rọ̀ àti ẹsẹ̀ wá ń du ọkàn kan ṣoṣo mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ó ní kó máa rìn láàárín ìlà méjì tí wọ́n fi téèpù fà sílẹ̀, kó máa yọ mẹ́ta-mẹ́ta kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ṣì í, kó ṣì í, kó ṣáà máa lọ. Ẹ wá wo ẹjọ́. Tíṣà á ṣì í, á dúró láti tún un ṣe, ara á sì yẹ̀. Oṣù mẹ́rin la fi kọ́ ọ láti máa ṣi ìṣirò.

Àkọ́bí wa obìnrin ti sọ tirẹ̀: bí bàbá òun bá ṣubú níbi ìdánwò ìrìn ìkẹyìn tí wọ́n máa ṣe fún un nílé ìwòsàn, òun ó gbé e lọ sílé òun, ìrìn ọjọ́ kan gbáko sí wa. Ìyá mi tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún wà lórí ibùsùn nínú yàrá mi. Mi ò lè tẹ̀ lé wọn. Mo bẹ Tíṣà láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò náà, bí mo ṣe ń bá a so okùn bàtà.

"Bẹ́ ẹ bá ṣì í, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró."

"Mo gbọ́, Ìyá wọn. Màá ṣì í dáadáa."

Nílé ìwòsàn, èmi àti ọmọ wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Tíṣà gbéra láàárín ìlà méjì náà. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ẹsẹ̀ ń lọ. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ó kọjá ìdajì. Ó wá ní mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ó ṣì í, kò sì dúró. Inú mi dùn dé góńgó. Ẹnu mi ni ò gbọ́.

"Márùndínláàádọ́rùn-ún," ni mo wí, bí mo ṣe máa ń wí fún ọmọ kíláàsì.

Ó yíjú pa dà wò mí. Ẹsẹ̀ kò bá a yí. Ó lulẹ̀ gbì. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sáré lọ gbé e. Láti ilẹ̀ tó wà ló ti ń fojú wá mi.

"Ìwọ lo gba ìṣirò náà," ló wí.

Ọmọ wa mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ọjọ́ Sátidé ló ń bọ̀ wá gbé e. Bí mo ṣe ń kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, Tíṣà bi mí pé ìgbà wo ni màá wá bá òun. Kí n tó lè lọ, àfi kí ìyá mi kú. Mi ò lè gba irú àdúrà yẹn.