Wọ́n Ń Fi Oyè Ọ̀mọ̀wé Du Jocilene

Jocilene Maués kú ní oṣù tó kọjá. Ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Àìsàn tó ń wádìí láti gba oyè ọ̀mọ̀wé ló pa á, nínú ilé ìwádìí tó kún fún àwọn tó mọ àìsàn náà tinú-tẹ̀yìn, ní ìlú Belém wa yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ná. Bí n kò bá rẹ́rìn-ín, màá fọ́ fèrèsé ẹnìkan.

Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé. Ẹ̀rín ọmọbìnrin yẹn máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Barbeiro ló ń sìn níbi iṣẹ́, kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, tó sì ń fi àrùn Chagas sílẹ̀ fún ọkàn. Ó sọ gbogbo wọn lórúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀. Tí èyí tó tóbi jù bá mu ẹ̀jẹ̀ adìẹ yó, tí kò lè rìn mọ́, á pariwo pé, "Ẹ wá wo ọ̀gá wa! Wọ́n ti jẹun tán, ìpàdé ti parí!" Ohun tó ń wádìí ni ìdí tí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wa fi ń ṣìnà, tí wọ́n ń fi kòkòrò àrùn sílẹ̀, tí wọ́n ń lu ọkàn tó yẹ kí wọ́n ṣọ́. Ó rí ìdí náà, ó kọ ìwé rẹ̀ tán. Ó ku kó wá gbèjà rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, kí wọ́n fi í joyè.

Báwo ló ṣe kó àrùn ọ̀hún? Gíláàsì tí wọ́n ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ṣiṣẹ́, kí ìgbẹ́ barbeiro tó ní àrùn má baà ta sí wọn lójú, ti là. Ó sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Altamir Brabo, ọ̀gá ilé ìwádìí náà. Ọ̀gá ní kí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ ná. Sẹ́lótéèpù! Ṣé ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń dì ni? Nígbà tó yá, ibà gbé e ṣánlẹ̀, ojú rẹ̀ kan sì wú.

"Dẹ́ńgì ni, Joci, ibà ẹ̀fọn lásán," ni ọ̀gá wí. "Òjò ti dé. Ta ni dẹ́ńgì ò ṣe rí ní Belém? Máa mu omi àgbọn, kó o parí iṣẹ́ ẹ."

"Ojú mi tó wú ńkọ́, ọ̀gá?"

"Ẹ̀fọn wo ló mọ ojú yàtọ̀ sí imú?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, ojú kan tó wú wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa Chagas! Maikirosikópù kún orí tábìlì, kò sì sẹ́ni tó rántí gún un níka kó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oògùn wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá tètè lò ó. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn, ṣé àìsàn tí ẹ ń torí rẹ̀ wọ bàálù káàkiri kì í wọ yàrá tiyín ni?

Lẹ́yìn ìsìnkú, Dona Osmarina, ìyá rẹ̀, bẹ àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ gíga kí wọ́n fún ọmọ òun ní oyè rẹ̀. Wọ́n ní òfin sọ pé ẹni tó kọ ìwé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè. Mo gbà, ó ṣòro fún òkú láti tètè dé.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ gbèjà ìwé ló ń se oúnjẹ fún ìgbìmọ̀. Kò sí nínú òfin, àmọ́ ẹ dán an wò kẹ́ ẹ má sè. Ní ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ti dá fún Joci tẹ́lẹ̀, Màmá Joci gbé pẹ́pẹ́yẹ inú tucupi, ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi omi ẹ̀gẹ́ sè, wọ gbọ̀ngàn. Ìgbìmọ̀ pé pérépéré! Wọ́n rò pé sàráà òkú ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Brabo tiẹ̀ mú abọ́ onídèérí wá láti ilé. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Màmá gbé ọwọ́ lé ìdérí ìkòkò.

"Dona Osmarina, pẹ́pẹ́yẹ yín ń pè mí o," ni Brabo wí.

"Ẹ jẹ́ kó máa pè yín, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà ẹ pe ọmọ mi."

"Kí n pè é ní kí ni?"

"Ọ̀mọ̀wé. Ẹ dìde dúró, bẹ́ ẹ ṣe ń dìde fún ọmọ ẹlòmíì, kẹ́ ẹ pè é."

Kò sẹ́ni tó dìde. Màmá gbé ìkòkò rẹ̀ jáde. Àwa ọ̀rẹ́ Joci la jẹ ẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń rẹ́rìn-ín, à ń sunkún, Màmá ń bu kún un.

Ẹ̀yin aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ẹ fún Jocilene ní oyè rẹ̀. Ẹ yọ Brabo nípò títí àwọn ará ìta yóò fi wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ta ló ní kí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ ikú? Ta ló rí ojú tó wú tó fi ṣẹ̀fẹ̀? Ẹ ní òkú ò lè dáhùn ìbéèrè. Ẹ̀yin ṣì wà láàyè. Ẹ dáhùn.