Ẹsẹ̀ Òsì Kòkú

Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó rín in. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ló di ẹsẹ̀ ọkùnrin náà mú, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Láyé ìjọba Faransé, mò ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn kan ní Atakpamé. Àwọn tí ẹ̀gbà kọlù ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Màá wọ́ ẹsẹ̀ wọn, màá ká a, màá tún nà án, bóyá iṣan á rántí iṣẹ́ rẹ̀.

Kòkú, ọ̀kan nínú wọn, ń gbé ní Agbonou, kò jìnnà sí ilé ìwòsàn. Túláàsì ni wọ́n fi ń kó ènìyàn lọ la ọ̀nà nígbà náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kàn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yìí fa Kòkú kalẹ̀ dípò ọmọ. Nídìí òkúta tó ń rù nínú oòrùn ló ṣubú sí. Apá òsì rẹ̀ kú láti èjìká dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì wọ́.

Mo máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ bá a nílé. Kò ráhùn rí. Ohun tó ṣáà ń bi mí ni ìgbà tí òun á lè rìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nínú ọyẹ́, mo bá a tó dá jókòó lẹ́yìn ilé. Ilé pa rọ́rọ́. Mo béèrè ìyàwó rẹ̀, ó kàn fojú tọ́ka sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ òsì mú.

Ẹ gbà mí gbọ́, ẹsẹ̀ náà ti ọwọ́ mi padà. Ayọ̀ ò jẹ́ kí n ronú nípa bó ṣe tutù tó.

"Mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹnu rẹ̀ kò wọ́ mọ́.

Ó gbé apá lé mi léjìká, a gba àárín oko iṣu. Ìró ẹsẹ̀ tèmi nìkan ni mò ń gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó àgbàdo. Kòkú fi mí sílẹ̀, ó dá rìn lọ bá a, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Lẹ́yìn náà ó wọ inú ilé lọ. Ẹ̀gbọ́n kò mira.

Mo yára padà láti fún Àfí, ìyàwó Kòkú, níròyìn ayọ̀. Ojú ọ̀nà ni mo ti pàdé òun àtàwọn obìnrin mìíràn, erùpẹ̀ pupa kún ẹsẹ̀ wọn.

"Ṣé ẹ ò pàdé ẹni tí a rán sí yín ni?" Àfí ló bi mí bẹ́ẹ̀. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin Kòkú tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tilẹ̀ yọjú."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹ̀gbà ti dá ẹ̀gbọ́n náà dùbúlẹ̀. Apá òsì. Ọmọ rẹ̀ wá bẹ̀ mí, mo sì lọ. Mo bi bàbá náà léèrè ohun tí Kòkú sọ fún un. Ojú ló kàn gbé sí ẹnu yàrá, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo di ẹsẹ̀ náà mú, mo fẹ́ ká a. Ohun kan tí n kò rí fà á nà mọ́ mi lọ́wọ́.

N kò padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tó ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn, mo bẹ̀ yín, ẹ má fún un léjìká láìmọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbi tó ń lọ.