Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Gbé Ọ̀gá

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bi mí bí mo ṣe di ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgboyà. Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́. Irọ́ ni mo ń pa fún wọn. Ojo ni mí, bàbá kan ní Orhuwhorun, lẹ́bàá Warri, ló sì mọ̀ ọ́n jù.

Ìgbà tí àwọn oníbọn inú odò ń jí èèyàn gbé ní Warri ni mo dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, nínú ilé alájà kan ní Airport Road. Dísì ńlá kan wà lórí òrùlé wa. Òun la fi ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì tí à ń pín fún àwọn ọ́fíìsì àti òtẹ́ẹ̀lì tó yí wa ká. Òyìnbó elépo ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé. Nígbà tí òyìnbó wọ́n nígboro, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ń pè ní ọ̀gá. Wọ́n gbé olótẹ́ẹ̀lì kan tí kò jìnnà sí wa, ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló sì ń pa fúnni. Mo yọ orúkọ mi kúrò lára ilẹ̀kùn. Mo ń wọ jíǹsì tó ti ṣá bíi tàwọn tó ń fa wáyà. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ohun tí mi ò lè yọ kúrò lára mi ni ẹ̀kọ́ ilé. Akọ̀wé wa jẹ́ bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ará ìlú kan náà lòun àti bàbá mi ní Ìjẹ̀bú. Òun ló gba bàbá mi sílé nígbà tó kọ́kọ́ dé Warri. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá tilẹ̀ ń san owó oṣù fún un, bàbá mi ni. Nítorí pé ẹsẹ̀ ń dùn ún, mọ́tò iléeṣẹ́ ló ń lọ gbé e wá láràárọ̀. Bó bá ti dé, tòun ti kóòtù àti táì nínú ooru yẹn, èmi tí mo gbà á síṣẹ́ á sáré jáde, màá ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún un, màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, màá sì gba báàgì rẹ̀.

Ọmọbìnrin Urhobo tó ń gbàlejò fún wa kì í yé fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Oga, na you dey pay am, na you still dey lie for ground! Una Yoruba people sef!"

Bàbá á rẹ́rìn-ín. "Leave am. Na so dem train us."

Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kò wá sí mi lọ́kàn pé àwọn mìíràn ń wò wá láti òdìkejì títì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, íńtánẹ́ẹ̀tì ń já. Mo gun orí òrùlé lọ láti tún dísì náà kọjú síbi tó yẹ. Mo gbọ́ tí mọ́tò kan tẹ bíréèkì gìrì nísàlẹ̀. Nígbà tí mo yọjú, mo rí ọkùnrin mẹ́rin tó fi aṣọ bojú, ìbọn lọ́wọ́ wọn. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sin oníbàárà kan dé ẹnu géètì ni.

"Oga, enter motor."

"Which oga?"

"No whine us! We don dey watch you since. That your boy wey dey lie down for you every morning, wey dey carry your bag. No be you be MD?"

Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ: èmi ni ọ̀gá. Mo wà lórí eékún, sípánà lọ́wọ́ mi, ìyàwó mi sì wà nínú oyún. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé gbólóhùn náà mì. Bàbá gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi í sápò kóòtù.

"Na me," ó wí. "Make una no touch anybody."

Wọ́n gbé e lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lọ́dọ̀ wọn. Mo lè ránṣẹ́ sí wọn pé akọ̀wé ni wọ́n gbé, pé èmi gan-an rèé. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sá lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ugborikoko. Ìyá mi bi mí pé, "Níbo lo wà nígbà tí wọ́n ń gbé e?" Mo ní mo lọ ra wáyà. Mo kórìíra ara mi, síbẹ̀ mo jẹun alẹ́ ọjọ́ náà tán.

Àwọn àgbà àdúgbò tó mọ ilé àwọn oníbọn náà ló bẹ̀bẹ̀ títí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Mo lọ kí i ní Orhuwhorun. Ó ti rù, apá rẹ̀ òsì sì wú, ó fi aṣọ gbé e kọ́rùn. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì pálọ̀ rẹ̀. Kò ní kí n dìde.

"Bàbá, mo wà lórí òrùlé lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀."

"Mo mọ̀. Àwọn tó gbé mi náà rí ẹ."

Mi ò lè gbójú sókè.

"Wọ́n ní kò sí ọmọọṣẹ́ tó ń dọ̀bálẹ̀ báyẹn, pé ọmọ tí mo bí ni ẹ́. Wọ́n ní àwọn máa padà wá gbé ẹ, kí owó lè tètè jáde. Mo ní, 'No be my pikin. Na ordinary worker.' Wọ́n nà mí kí n lè gbà pé ọmọ mi ni ẹ́. Mi ò gbà."

Mo ń sunkún, mo dojú bolẹ̀.

"Dìde, ọmọ mẹ," ó fi Ìjẹ̀bú sọ ọ́. "Sìmẹ́ńtì yẹn tutù."